Ta Ló Fún Onípósí Ní Nọ́ńbà?

Ìyá tó ń tọ́jú fáìlì ní ọsibítù ìjọba kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan náà. Ẹni tó túfọ̀ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Onípósí ni, lórí fóònù.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, mà. Ṣé ẹ ti rí pósí tí ẹ máa gbé màmá sí?"

"Màmá wo?" Ọbẹ̀ tó fẹ́ gbé lọ fún ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí iná.

Ó sáré dé wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì yanu. "Ta ló sọ fún yín? A ò tíì pe ẹnikẹ́ni."

Ẹ gbà mí o! Ta ló wá pe onípósí?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi jókòó sí yàrá fáìlì tí kò ní fèrèsé. Bó bá ń gbé fáìlì kọjá, á yí ojú fáìlì mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni má baà ka orúkọ. Ọkọ rẹ̀ bi í nígbà kan pé kí ló ń ṣe aládùúgbò wọn. "Dádì, ẹsẹ̀ ò kúkú dùn yín. Ẹ rìn lọ bi í." Èmi náà, akọ̀ròyìn, tọrọ ìròyìn aláìsàn kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fún mi lómi tútù, ó ní kí n máa lọ sílé. Ojú tì mí, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú.

Òfin orílẹ̀-èdè wa sọ ọ́ kedere: nọ́ńbà tí mo fún yín nítorí ìtọ́jú, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ lẹ́nu mi. Bó bá sì jò, kí ẹ tètè fi tó àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú létí.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wà láàyè lòfin yẹn wà fún. Màmá ti kú."

Ẹ gbọ́ àrékérekè! Ọmọ tó ni nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì ìyá ńkọ́? Ṣé òun náà ti kú ni? Ó wà láàyè, bí fóònù bá sì ti dún báyìí, ṣe ló ń da ojú fóònù náà délẹ̀.

Ọ̀gá ní àwọn ṣì ń wádìí. Ìwádìí wo? Fáìlì ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn báyìí, ó sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣí i, àti aago tó ṣí i. Àbí ẹni tí à ń wá ló jókòó níwájú mi tó ń rẹ́rìn-ín? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ń béèrè ni.

Ọ̀gá, ẹ tẹ àkọsílẹ̀ yẹn jáde lónìí, kí ẹnì kan tó pa á rẹ́. Ẹ gbé e fún àjọ. Ọmọ yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ orúkọ ẹni tó rí i pé èémí ti tán lára ìyá rẹ̀, tó wo nọ́ńbà òun ọmọ, tó sì fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà.