Àlàájì Ọ̀tún-rẹ-dà Ra Máòsì

Ọjọ́ tí Àlàájì Àrìmíyàù fi ọwọ́ òsì di máòsì kọ̀ǹpútà mú ní ṣọ́ọ̀bù Yannick tó ń tà wọ́n, ní Treichville ìlú Abidjan, Kàmíl tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń jẹ àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lọ́wọ́. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Bàbá Bàsìt, ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni. Àbí ìwọ lo yá mi?"

Tí ẹ kò bá mọ Àlàájì, ọ̀rọ̀ yìí kò lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti pẹ́ ní Abidjan, kò sì sí ohun tó kórìíra láyé tó ọwọ́ òsì. Tí ọmọdé bá fi òsì na nǹkan sí i, "Ọ̀tún rẹ dà?" ni yóò fi dáhùn. Tó bá jẹ́ àgbà, á ní "Ọ̀tún yín dà?", ohùn rẹ̀ á kàn rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àlàájì Ọ̀tún-rẹ-dà. Kàmíl juwọ́ òsì sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájì ní òun kò rí ẹnikẹ́ni.

Nígbà kan, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú gbákà, ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Port-Bouët. Ọmọ ọkọ̀ fi ọ̀tún di ilẹ̀kùn mú, ó fi òsì na àpò iṣu rẹ̀ sí i.

"Vieux père, bàbá, gba ẹrù ẹ."

"Ọ̀tún rẹ dà?"

"Òun ló di ọkọ̀ mú! Tí mo bá fi sílẹ̀, mo ṣubú dèh!"

"Ó sàn kí o ṣubú."

Ọkọ̀ ṣí, iṣu bá a lọ. Àlàájì wọ ọkọ̀ mìíràn, ó tẹ̀ lé iṣu rẹ̀ dé Port-Bouët. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbé e fún un níbẹ̀, ó sì fi ayọ̀ padà sílé bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun.

Ohun tó wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Yannick, Ràmílátù ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló ni ilé ìtẹ̀wé kékeré kan, tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìkómọ àti ti ìgbéyàwó. Àlàájì ń pe oníbàárà, Ràmílátù ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlu Ràmílátù. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò padà. Dókítà ní kí ó máa fi òsì ṣiṣẹ́. Ó ní rárá.

"Èmi ìyàwó Ọ̀tún-rẹ-dà," ló sọ fún Siddiqah, ọmọ àbúrò rẹ̀, "kí n wá máa fi òsì tẹ orúkọ ọmọ tuntun? Kí gbogbo Treichville fi mí ṣẹ̀sín?"

Ó bá jókòó sílé, ó ń wo ògiri, ó sì ń rù lójoojúmọ́. Àlàájì mọ̀ pé tí obìnrin yìí kò bá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, òun yóò pàdánù rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ẹnu òun gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

Bó ṣe dé iwájú Yannick nìyẹn. Kò sí àgbò Iléyá tí wọ́n yẹ̀ wò tó àwọn máòsì ọjọ́ náà. Ó dà wọ́n dojú bolẹ̀, ó wo ikùn wọn, ó gbé wọn sétí, ó ń tẹ̀ wọ́n.

"Èyí ń pariwo jù. Ìyá Bàsìt kò fẹ́ ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ òun."

Yannick gbé òmíràn wá. "Sans fil nìyí, vieux père. Kò ní okùn."

"Tó bá sá lọ, kí la máa fi fà á bọ̀?"

Yannick gbé èyí tó wọ́n jù kalẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ àyè àtàǹpàkò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlàájì fi òsì dì í mú, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ríbi sùn.

"Mais le vieux, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe souris yìí fún!"

"Ta ló sọ fún wọn pé gbogbo ayé ló ní ọ̀tún?"

Abọ́ àtíékè ṣì wà lọ́wọ́ Kàmíl, ẹ̀rín ló dá lẹ́nu rẹ̀.  Yannick wá inú páálí, ó mú dúdú kan jáde, olókùn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ó ní òun á yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà nínú kọ̀ǹpútà kí ó lè bá òsì mu. Àlàájì sanwó, kò ná an rárá. Èyí gan-an ló ba Yannick lẹ́rù jù.

Ẹ má rò pé ó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé o. Kò jẹ́ dán an wò. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó síbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ti lè rí i, ó ń fi òsì ti máòsì káàkiri. Ọ̀rọ̀ di ìran. Àwọn ọmọ iléèwé dúró, àwọn ìyá wọn dúró.

"Àlàájì, ọ̀tún yín dà?" ni wọ́n ń kígbe.

"Ẹ rín in tán lára mi," ló ń dá wọn lóhùn. "Ẹ má ṣẹ́ ẹ kù."

Siddiqah sáré lọ sọ fún Ràmílátù pé Àlàájì ti sọ ara rẹ̀ di yẹ̀yẹ́ lójú ọjà. Obìnrin tó ti kọ̀ láti jáde nílé dìde, ó fi ìbínú wọ bàtà. Nígbà tó dé ibẹ̀, káàdì ìkómọ oníbàárà kan láti Biétry ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Àlàájì ti gbé àwòrán ọmọ náà sí i, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀.

"Bàbá Bàsìt! Ẹ̀yin lẹ dorí ọmọ ọlọ́mọ kodò báyìí?"

"Bó ṣe wù ú ló ṣe dúró."

"Ẹ dìde níbẹ̀ jàre! Ẹ̀ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ó jókòó. Kò tilẹ̀ rántí ro ọ̀rọ̀ ọwọ́. Òsì rẹ̀ lọ bá máòsì, ó ń yí ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi padà sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti rín in tán. Nígbà tó tẹ káàdì náà jáde, ó fi òsì nà án sí ọkọ rẹ̀, ojú sì tì í. Àlàájì na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó fi gbà á.

Kì í ṣe pé ó yí padà o. Títí ó fi kú ló ń pariwo "Ọ̀tún rẹ dà?" mọ́ tẹrú tọmọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò sọ ọ́ fún mọ́.

Ó dolóògbé lọ́dún tó kọjá. Ràmílátù fúnra rẹ̀ ló fi òsì ṣe káàdì àdúrà fídáù rẹ̀. Ó wo àwòrán ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó rí i dájú pé orí rẹ̀ wà lókè. Ó na ọ̀kan sí Kàmíl, Kàmíl náà fi òsì gbà á, bí Àlàájì ti máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí igbe Àlàájì láti inú ilé ìtẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó ké. Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn.

Ràmílátù wò ó, ó gbé ohùn ọkọ rẹ̀ wọ̀.

"Kàmíl! Ọ̀tún rẹ dà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kàmíl gbé ọ̀tún rẹ̀ sókè kí wọ́n rí i, ó sì fi nu ojú.