Ọ̀tá Ìdọ̀tí àti Ikọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀tá Ìdọ̀tí ni wọ́n ń pè é ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń fọ aṣọ ibùsùn aláìsàn. Nílé, ó ń se ṣíbí, ó ń se bèbí rọ́bà, díẹ̀ ló kù kó se ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ṣí ìgò oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù láti ìgbà àìsàn tó kọjá, á fún un mu. Bí ikọ́ bá rọ̀, á tọ́jú ìyókù. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àyà ọmọ dí láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ̀ẹ̀karùn-ún á gbé ọmọ lọ.

Nígbà tí ikọ́ tún dé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan. Nọ́ọ̀sì fetí sí àyà ọmọ, ó ní ọ̀fìnkìn lásán ni, ó wá béèrè iye ìgbà tí ọmọ ti mu apakòkòrò. Ìyá kà á títí, ìka ọwọ́ ò tó. Nọ́ọ̀sì là á yé e pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ onílé nínú imú àti ìfun ọmọ, tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò burúkú ráyè jókòó. Apakòkòrò ò mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Ó ní òun ò lè búra pé ohun tó ń ṣe ọmọ yìí nìyẹn, àmọ́ ó jọ ọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọṣọ, ìyá, tẹ́ ẹ bá ń da bílíìṣì sí aṣọ tí ò dọ̀tí lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Á gbó ni. Á fàya."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í.

Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ka mímí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá pé ogójì, tàbí tí ìhà ń wọnú, kó gbé e wá lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ikọ́ náà le sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ìgò dé, ó ní ẹni tó wà létí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Ọ̀tá Ìdọ̀tí gba ìgò náà, ṣùgbọ́n kò ṣí i.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ bá mi wo aago, kí n máa kà."

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, wọ́n ń kà. Bó bá wà níbi iṣẹ́, ìyá àgbà ló ń kà, tó ń kùn. Lọ́jọ́ kẹfà, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ sì ń béèrè oúnjẹ.

Dípò kí Ọ̀tá Ìdọ̀tí yọ̀, ńṣe ló bú sẹ́kún.

"Mo ṣebí mò ń gbà á là ni."

Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìgò méjì mìíràn jáde lábẹ́ ibùsùn ara rẹ̀, ó kó wọn lé e lọ́wọ́.

"Èmi náà máa ń fún un tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́. Tọ̀tẹ̀ yìí nìkan ni mi ò fún un."