Gílóòbù Tọ́ọ̀ṣì, Bátìrì Méjì àti Orúnkún Mi

Wọ́n tún ti sọ ọ́! Pé àwọn làwọn kọ́ mi níṣẹ́! Ẹnjinía Ìkìrun kẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Inísà, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bàbá wa àgbà ní rédíò onípákó kan tí kì í lo bátìrì, iná ilé ló ń lò. Ojú wọn ti fọ́, rédíò yẹn ló ṣẹ́kù tí wọ́n fi ń wo ayé. Bí òórùn àkàrà bá ti ń wọlé láàárọ̀, ìròyìn ti ń dún. Tí wọ́n bá gbọ́ tán, wọn á wé wáyà ẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin bí ẹni ń so ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan, rédíò dákẹ́. Bàbá ò jẹun. Èmi ni mo rù ú tẹ̀lé Màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹnjinía ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Ẹnjinía fi mítà tí wọ́n fi ń dán iná wò kan ẹnu púlọ́ọ̀gì, abẹ́rẹ́ mítà ò mira. Wọn ò tiẹ̀ ṣí ẹ̀yìn rédíò!

"Tàràńsífọ́mà inú ẹ̀ ti jó, Mọ́mì. Irú ẹ̀ ò sí mọ́. Màá wá gbé e ní Sátidé, kí n máa yọ ara ẹ̀ lò."

Jíjó kẹ̀? Mo gbóòórùn ẹ̀, kò rùn. Ṣé ọbẹ̀ máa ń jóná láìrùn ni? Sátidé yẹn, nígbà tó yẹ kí n máa gbálẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ìdáná tú ẹ̀yìn rédíò. Èmi ò ní mítà. Mo jẹ́ kí iná bátìrì gba inú tàràńsífọ́mà wá sórí ahọ́n mi: ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Tó bá ti jó já ni, ahọ́n ò ní mọ nǹkan kan. Mo wá fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì méjì dán wáyà púlọ́ọ̀gì wò. Wáyà méjì ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan tan gílóòbù, ìkejì ò tàn án. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rédíò, níbi tí Bàbá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí wé e, gílóòbù bá ń ṣẹ́jú. Wíwé ti já a nínú! Mo gé ibẹ̀, mo so ó padà.

Bí mo ṣe ń dé e ni Ẹnjinía wọlé tàwọn tàpò ìrẹsì. Wọ́n nawọ́ sí rédíò.

"Ẹ dúró! Irọ́ lẹ pa! Ẹ ò ṣí i wò!"

Àfi gbàà! Ìgbátí Màmá.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! A kì í pe àgbà lópùrọ́. 'Ẹ ṣì í sọ' là ń wí! Kúnlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè!"

Mo kúnlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́.

Rédíò sọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀ o," Bàbá ń kí ẹni tó ń ka ìròyìn, omi ń dà lójú wọn. Ẹnjinía ká àpò wọn. Síbẹ̀, Màmá ò ní kí n dìde, àfi tí mo bá bẹ Ẹnjinía.

"Bẹ̀ wọ́n, ọmọ mi," Bàbá ní. "Òótọ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n. Inú ń bí mi bí iná.

Lónìí, ọmọ á yọ fóònù, á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkukù, mítà méjì ló wà níbẹ̀, gílóòbù yẹn ni mo ṣì ń kọ́kọ́ mú. Lánàá, Ẹnjinía dúró láàárín àwọn kọ́sítọ́mà mi: "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́!" Gbogbo wọn wò mí. Orúnkún mi rántí.

"Ẹ ṣì í sọ ni, sà," mo ní.

Màmá mi ní ǹ bá ti dákẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?