Orin Tí Màmá Onítọ́ọ̀ṣì Kò Fa Ìlà Sí

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Màmá Onítọ́ọ̀ṣì ti ń fi àga han àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn. Láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé sinimá ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo fíìmù kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì kan ìtàgé síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló bá tiwọn lọ. Òun ò lọ. Ó ní ì báà jẹ́ fíìmù, ì báà jẹ́ eré, wọ́n ṣáà máa pa iná, àwọn èèyàn á sì ṣáà máa pẹ́ dé.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá bá wà nínú rẹ̀, bóyá ni mẹ́ta máa jáde, ohùn kékeré ló sì máa fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yìn àga tó gbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni ibùdúró rẹ̀. Níbẹ̀, kò rí ojú ẹnì kankan, àmọ́ kò sí ẹ̀yìn orí tí kò rí.

Eré tó ń lọ lọ́wọ́ lásìkò yẹn, Ajá Gbé Ṣòkòtò Lọ ni wọ́n pè é. Fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di eré olórin. Télọ̀ kan rán ṣòkòtò fún ọkọ ìyàwó, ni ajá bá gbé ṣòkòtò náà sá lọ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ni gbogbo àdúgbò bá gbá tẹ̀ lé ajá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn èèyàn ń wọ́ wá. Àwọn àgbà tí wọ́n ti wo fíìmù náà nígbà èwe wọn ń mú ọmọ wá, bí wọ́n bá sì jáde síta lásìkò ìsinmi, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀.

"Nínú fíìmù, ajá gidi ni. Kì í ṣe ọkùnrin tó wọ awọ."

"Ṣé kí wọ́n gbé ajá gidi wá, kó wá bù ọ́ jẹ lórí àga?"

"Èmi ò mọ̀ pé télọ̀ yẹn mọ orin kọ. Akólòlò ni nínú fíìmù!"

"Bàbá, ẹ fi télọ̀ sílẹ̀ jàre. Ta ló rẹ́rìn-ín débi tó fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Màmá Onítọ́ọ̀ṣì a máa gbọ́ gbogbo rẹ̀, a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú.

Olùdarí eré náà kò dàgbà tó àkọ́bí Màmá. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń fun fèrè, ó kọ ẹ̀yìn sí òǹwòran, kò sì lè mọ bí eré ṣe ń dùn mọ́ wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìwé kan fún Màmá, ó ti kọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan nínú eré náà sínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi ṣàmì. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìlà kan. Bí gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín, ìlà méjì. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, ẹ ṣe àmì róbótó kan."

Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán Màmá, bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́ ẹ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi fa ìlà. Bí eré bá parí lójoojúmọ́, á gbé ìwé náà fún olùdarí wò, á sì gbà á padà. Ibi tí ajá ti ń sáré kún bámúbámú débi pé ó ní láti fa ìlà mìíràn sí etí ìwé.

Lọ́jọ́ kẹfà, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ó dé ní aago méjì láti nu àga, nítorí aago mẹ́rin ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó bá obìnrin kan tó dá jókòó sí àárín gbọ̀ngàn. Àǹtí Ẹlẹ́gbè ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lẹ́yìn tó ń gbe orin fún àwọn mìíràn. Eré yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní orin tirẹ̀. Òun ni ìyá télọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò bá ti sáré tẹ̀ lé ajá kọjá, òun nìkan á jáde, á jókòó sórí àpótí, á máa ká àwọn aṣọ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ní kékeré, á sì máa kọrin sí wọn.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé kò yẹ kó o ti máa kun ojú ni?"

"Mò ń bọ̀ wá kùn ún. Òní ló kẹ́yìn." Àǹtí Ẹlẹ́gbè ń fi èékánná ha apá àga. "Ọ̀gá ní láti ọ̀la lọ, àwọn máa yọ orin mi. Màá padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbè."

"Háà! Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́?"

Obìnrin náà wojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwé yín ni, Màmá. Ọ̀gá fi hàn mí. Ọjọ́ márùn-ún, kò sí ìlà kan ṣoṣo. Mi ò bínú sí yín o. Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ kọ."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Nígbà tí Àǹtí Ẹlẹ́gbè lọ tán, ó yọ ìwé náà, ó ṣí i. Lóòótọ́ ni. Orin Ìyá Télọ̀: funfun báláú, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún. Ó jókòó, ó ń ro ohun tí òun gan-an ń ṣe nígbà tí orin yẹn bá ń lọ. Ó rò ó títí. Kò rántí pé òun ṣe nǹkan kan. Ó kàn máa ń dúró ni, tọ́ọ̀ṣì á wà nínú àpò, ọwọ́ á wà lórí ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e, ó sì dìde.

Ó tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùdarí.

"Ẹ wọlé, Màmá. Ẹ jókòó."

"Màá dúró, sà."

"Màmá, ẹ yéé pè mí ní sà. Ẹ bí mi lọ́mọ."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó gbé ìwé sórí tábìlì. "Ìwé yìí kò pé. Èmi ni mo ṣì í ṣe."

"Ẹ gbàgbé láti kọ ẹ̀rín sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ nìkan lẹ ní kí n kọ. Mi ò kọ ti tọ́ọ̀ṣì mi."

Olùdarí gbé bírò sílẹ̀.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dópin, n kì í sinmi, sà. Ẹni yìí fẹ́ tọ̀, tọ̀hún fẹ́ lọ dáhùn fóònù, ọmọ ẹlòmíràn ń sunkún. Bí ajá ṣe ń dùn tó yẹn, ó kéré tán, èèyàn mẹ́fà ni mo máa ń tanná fún láti jáde. Ṣùgbọ́n bí ìyá télọ̀ bá ti jókòó sórí àpótí, mi ò tíì tan tọ́ọ̀ṣì rí. Ọjọ́ márùn-ún. Ẹnì kan ò dìde."

"Bóyá oorun ló gbé wọn lọ, Màmá."

"Mo mọ ẹ̀yìn orí ẹni tó ń sùn. Ó máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọkùnrin náà ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pa ojú. "Ṣùgbọ́n eré ẹ̀fẹ̀ la polówó. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rín."

"Ẹ wá dúró tì mí lónìí," ni Màmá wí. "Bí ẹ bá ti dúró tì mí, tẹ́ ẹ bá ṣì ní ẹ máa yọ ọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó wá lóòótọ́. Nígbà tí ariwo ajá ń lọ lọ́wọ́, òun àti Màmá wà lẹ́yìn, Màmá ti gba ìwé rẹ̀ padà, ó ń fa ìlà. Olùdarí rí bí Màmá ṣe ń tanná fún ẹni tó ń jáde, tó tún ń tanná fún ẹni tó ń wọlé. Ó rí obìnrin kan nínú ọ̀wọ́ àga kẹta tó ń tú suwíìtì, rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀, àti bàbá kan tí ikọ́ kò jẹ́ kó gbádùn, àti ọmọ kékeré kan tó ń fẹsẹ̀ gbá àga iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìtàgé ṣófo. Àǹtí Ẹlẹ́gbè jáde, ó jókòó sórí àpótí, ó mú ẹ̀wù kékeré kan.

*Èyí lo wọ̀ nígbà tí eyín rẹ ń hù,*
*Bọ́tìnnì mẹ́ta, o jẹ ọ̀kan...*

Ìró suwíìtì dákẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà dúró sójú kan. Màmá ò wo ìtàgé rárá, àwọn orí ló ń wò, ó ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n má mira.

Ni bàbá oníkọ́ bá dìde.

Màmá fa tọ́ọ̀ṣì yọ, ó tàn án sílẹ̀ kí bàbá náà má bàa kọsẹ̀. Bàbá náà rọra jáde láàárín àwọn àga, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì ju ọwọ́ sẹ́yìn sí Màmá: pa á, pa á. Kò lọ síbì kankan. Ọkùnrin gíga kan ló jókòó síwájú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó ríran. Ó fara ti ògiri, ó fi áńkáṣífù dí ẹnu kí ikọ́ má bàa jáde, ó sì dúró síbẹ̀ títí ìyá télọ̀ fi ká ẹ̀wù tó kẹ́yìn. Ìgbà náà ló tó wúkọ́, wúhù-wúhù, bí ẹni pé ó ti ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ajá sáré wọlé, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àga.

Olùdarí gba ìwé lọ́wọ́ Màmá, ó wo ibi tó funfun.

"Wọn ò pàtẹ́wọ́," ló wí.

"Wọn ò pa á, sà."

"Ajá yẹn ń tètè wọlé jù. Kò jẹ́ kí wọ́n mí." Ó dá ìwé padà sí i lọ́wọ́. "Ẹ lọ sọ fún un pé orin rẹ̀ dúró. Ìwé yín ló fẹ́ yọ ọ́, ẹnu yín ni kó ti gbọ́."

Láti ìgbà tí wọ́n ti kan ìtàgé náà, Màmá Onítọ́ọ̀ṣì ò tíì dé ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Nígbà tí eré parí, ó gba àárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ kọjá, ó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé, títí ó fi rí Àǹtí Ẹlẹ́gbè níwájú dígí, tó ń nu ojú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ fò lọ.

"Wàá kọ ọ́ lọ́la," ló rí sọ. "Àti lọ́tùnla."

Àǹtí Ẹlẹ́gbè fi òwú tó fi ń nu ojú bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì yé Màmá bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, ló bá kàn dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ọkùnrin tó ń ṣe ajá yọ orí síta láti ẹ̀yìn aṣọ, awọ ṣì wà lára rẹ̀ dé ọrùn. "Màmá Onítọ́ọ̀ṣì! Tèmi ńkọ́? Ìlà mélòó ni mo gbà lónìí?"

"Mẹ́rìnlá," ni Màmá dáhùn. Ó rò ó wò díẹ̀, torí kò fẹ́ purọ́. "Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú ẹ̀, ìrù yín tó já bọ́ ló ni ín."