Ọwọ́ Géèjì Lọ́rì Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe ní Èrúwà nígbà náà. Bí iná ọkọ̀ kò bá tàn, bí fèrè rẹ̀ bá yadi, èmi ni wọ́n ń pè. Mo máa ń kanra lẹ́nu iṣẹ́. N kò fẹ́ kí ènìyàn dúró tì mí kó máa ṣàlàyé ohun tó ṣe ọkọ̀ fún mi. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kí lo wá pè mí fún?

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Igbó-Ọrà. Ó ní lọ́rì dísẹ́ẹ̀lì kan tó fi ń kó iṣu láti Igangan lọ sí Ìbàdàn. Ògún ni baba wa bọ títí tó fi kú, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi bá àwọn onímàle lọ. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Bí ọdún Ògún bá dé, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rì náà, yóò da ẹ̀jẹ̀ àti epo pupa sórí ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìyẹ́ àkùkọ lẹ̀ ẹ́. Nínú ilé wa, a kì í nù ún. Oúnjẹ Ògún ni. Fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ tí yóò sì ṣí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún Ògún tí inú ẹ̀gbọ́n mi fi ń dùn ṣìnkìn. Lọ́rì náà ní géèjì kan tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tẹ́lẹ̀, bó bá gbẹ́rù gun òkè, ọwọ́ géèjì náà á dé àárín. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí.

"Ògún ti gbà á," ló ń wí fún gbogbo ayé. "Ó ti mú ẹ́ńjìnnì mi tutù."

Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹ́ńjìnnì tó tutù náà nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Igangan. Ó dákẹ́, kò sì jí mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ wálé tòun ti iṣu lẹ́yìn.

Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, mẹkáníìkì ti tú u wò: rédíátọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù ti dí, ooru ti jó ẹ́ńjìnnì pa. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jó ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Aládùúgbò kan ní òun rí obìnrin náà pẹ̀lú ike omi àti ọṣẹ nídìí lọ́rì lẹ́yìn ọdún. Ó ti fọ oúnjẹ Ògún dànù, Ògún sì ti bínú. Lójú àwọn ìbejì wọn, ẹ̀gbọ́n mi pè é ní apanilẹ́kún. Ó ní kó padà sílé baba rẹ̀ ní Igangan.

"Gíláàsì iwájú ni mo fọ̀," ni obìnrin náà ń wí fún mi. "Eruku ni mo fọ̀ kúrò, kí wọ́n lè ríran. Mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ó ń di ẹrù rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó jọ̀wọ́ dúró kí n fi ojú ara mi wò ó.

Bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ géèjì sùn sísàlẹ̀. Irin kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì, kò ju ìka ọmọdé lọ, tó ń ti inú omi rẹ̀ mọ ooru, tí wáyà kan sì ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ bá géèjì. Sẹ́ńsọ̀ là ń pè é. Mo yọ wáyà náà lórí rẹ̀, mo fi orí wáyà kan ara ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì fò dé ibi pupa, níbi tí í máa ń dé bí ooru bá pọ̀ jù. Ó yé mi: géèjì kò kú, wáyà kò já.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo orí sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ àti epo ti gbẹ mọ́ ọn, ìyẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ìpẹtà sì ti bo ibi tí wáyà ti ń kàn án. Iná kò ríbi kọjá. Bí iná kò bá sì kọjá, ọwọ́ géèjì á sùn bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì tutù.

Inú bí mi dé góńgó. Ì bá jẹ́ pé ìyàwó yẹn ti fọ ibẹ̀ lóòótọ́, lọ́rì ì bá wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Bí ẹ ṣe dà á ló wà. Ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́."

Ó wò ó pẹ́. "Bóyá sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ti kú tẹ́lẹ̀."

Mo tú u, mo fi yanrìn ha á títí ó fi ń dán. Mo ní kí wọ́n bá mi se omi. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́tùrù jáde, èéfín omi ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo so wáyà mọ́ sẹ́ńsọ̀, mo fi wáyà mìíràn so ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì ti ìdí rẹ̀ bọ inú omi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáyè dírẹ́bà, ó tẹjú mọ́ géèjì.

"Ó ń gòkè," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àbúrò, ó ń gòkè."

Ó gbórí lé ìdarí ọkọ̀, ó ń sunkún. Ó pe ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́. Má lọ mọ́."

Obìnrin náà yọjú wo géèjì lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́rì.

"Ẹ gba èyí gbọ́," ló wí. "Èmi tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún yín, ẹ ò gbà mí gbọ́. Ẹyin lohùn, Bàbá Ìbejì."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e lọ sójú títì. Kò padà wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀ kalẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ṣì wà nínú kẹ́tùrù níbi tí mo fi í sí. Omi náà ń tutù. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ géèjì bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ni géèjì náà sì ń sọ lọ́tẹ̀ yìí.