Òróró Lórí Dísíkẹ́ẹ̀tì Mi

Ẹni tí kò bá tẹ ìwé ìsìnkú rí lè rò pé ojú ewé kejì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí bébà. Irọ́ ni. Bí a bá fẹ́ ká bébà sí méjì kó di ìwé, ojú ewé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìparí. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù la fi ń to ojú ewé. Ìlà á wọ́, oníbàárà á sì máa pariwo lé wa lórí.

Èmi obìnrin yìí ni mo jókòó tí mo kọ ètò kékeré méjì tí a ń so mọ́ ètò ìtẹ̀wé inú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀kan ń gba iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn wọlé láìba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èkejì ń to ojú ewé kó tó rán an sí pírínítà. Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi ṣe é. Bí iná bá lọ, màá tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa kò lè fi nǹkan pamọ́ sínú ara rẹ̀; orí dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ tí à ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú páálí kan. Mo rò pé mo gbọ́n.

Iná tí kò lágbára ló ń yọ wá lẹ́nu. Bó bá ti rẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà á gan. Mo sọ fún ọ̀gá mi títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra sítébíláísà tí yóò máa gbé iná ró."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ayé. Àwọn atẹ̀wé Inísà ló ń bá wa jà."

Ìjà wo? Àwọn ará Inísà ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé!

Lọ́jọ́ kan mo gbé ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ sí Òkukù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀ ọ̀gá mi ti wá, ó ti lọ. Òórùn òróró ólífì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti dà á sórí kọ̀ǹpútà, ó ń kán tótó. Mo ní kò burú, ẹ̀dà wà nínú páálí. Yéè! Wọ́n ti tú páálí, wọ́n tẹ́ dísíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín, wọ́n ta òróró sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀tá má baà ríbi sá sí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

"Fọkàn balẹ̀," ọ̀gá mi ní. "Ó ti parí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ti parí.

Mo sunkún, mo sì bú wọn nínú, torí wọ́n tó bàbá mi í bí. Onítúnṣe kan wá nu kọ̀ǹpútà náà, ó yá wa ní sítébíláísà. Ìkórè Òkukù ti dé tán. Mo wa eyín pọ̀, mo tún ètò méjèèjì kọ láti inú orí mi sórí dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá mi mú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n ká a, ojú ewé tẹ̀ léra wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n fò sókè. "Halelúyà! Ẹ wá wo iṣẹ́ òróró!" Wọ́n ní kí ìyàwó wọn wá wò ó. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ náà, kúnlẹ̀ kí o dúpẹ́."

Èmi náà mọ Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ni mo ń bá jà. Mo dìde, mo yọ dísíkẹ́ẹ̀tì mi lẹ́nu kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí òróró bá yín tẹ èyí tó kù."

Wọ́n rò pé mo ń ṣeré. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí pírínítà dákẹ́.