Ihò Orí Ìdérí Táńkì

Láàárọ̀ yìí, ohùn ẹ̀rọ tí àwọn tó ń kọ́lé lẹ́yìnkùlé mi fi ń fa omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo dáwọ́ ẹ̀wà tí mo ń ṣà dúró, mo ń retí kó kú. Kò ṣe mí bí ẹkún, kò ṣe mí bí ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba yàrá ní Ìlíṣàn lónìí, oko ni ibẹ̀ yẹn nígbà tiwa. Bàbá mi, tíṣà tó ń pa Sábáàtì mọ́, gbin ọmọ igi obì sétí odò, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹnu kan obì nítorí ìjọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Bàbá Ràfíù ọ̀rẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì láti Ìjòkù ní Ṣàgámù, a máa rún un níwájú rẹ̀, a ní, "Tíṣà, mò ń bá yín tọ́ ọ wò ni." Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń fa omi odò sóko náà ṣe.

Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú, bàbá mi ní kí n máa bo táńkì epo nítorí eruku. Mo fi ọ̀rá di ìdérí rẹ̀ pinpin, mo fi rọ́bà so ó yíká. Ó yìn mí.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, agbára rẹ̀ á wá máa já, omi ẹnu họ́ọ̀sì á dà bí ìtọ̀ ọmọdé, yóò sì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá Ràfíù wá. Tó bá ti ń bọ̀, èmi á tú ọ̀rá náà kó lè ríbi ṣiṣẹ́. Ó fọ fílítà, ó tú atẹ́gùn inú páìpù epo, ó fi igi tẹ́tí sí ikùn ẹ́ńjìnnì bíi dókítà. Ẹ́ńjìnnì á máa ké kíkankíkan. Tó bá ti lọ, èmi ọmọ dáadáa á tún bò ó padà.

Ewé obì ń rọ. Bàbá mi sọ fún un pé, "Tí ẹ bá dé ló ń jí, tí ẹ bá lọ ló ń kú. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i. Ẹ má wá mọ́."

"Kò burú, Tíṣà." Ó kó sípánà rẹ̀ sápò, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí Bàbá Ràfíù lọ, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú lọ, mo tú ọ̀rá láti wo bí epo ṣe kù sí. Ìdérí fa èémí ṣìì, ẹ́ńjìnnì sì gbóhùn sókè. Ìgbà yẹn ni mo rí ihò kékeré tó wà lórí rẹ̀. Ihò méjì la máa ń lu sí agolo mílíìkì, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kí mílíìkì lè gba èkejì jáde. Èmi ni mo dí ihò atẹ́gùn ti táńkì.

Mo ju ọ̀rá sódò. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́nu mọ́, ìtìjú tẹ̀ lé e, nígbà tó yá, n ò mọ ohun tó ń ṣe mí mọ́. Lọ́jọ́ Sábáàtì, bàbá mi dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló tún ẹ́ńjìnnì òun ṣe. Ìjọ ṣe àmín, èmi náà ṣe é.

Bàbá mi àti Bàbá Ràfíù ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá mi fi kú. Bàbá Ràfíù wá síbi ìsìnkú, ó ti ń fọ̀pá rìn. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì yẹn, kí ló ṣe é gan-an? Mo ti rò ó títí, kò yé mi."

Mo ní, "N ò mọ̀, bàbá."

Òun náà ti kú báyìí. Odò ti gbẹ. Igi obì mẹ́ta ló kù lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń so dáadáa. Lẹ́yìnkùlé mi, ẹ̀rọ náà ti kú, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bú mẹkáníìkì wọn. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìdérí táńkì.